Tucano tí kò ní fáànù

Àárọ̀ Sátidé ni mo yà sí ìdí àtẹ ìwé ìròyìn ní Ọlááìyá. Ẹ mọ̀ wá, àwa tí a máa ń kàwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́; ọ̀rọ̀ wa ti sú ẹni tó ń tà á. Ìwé ìròyìn kan gbé e gàdàgbà síwájú: Super Tucano, bàálù ogun Nàìjíríà, ti ju bọ́ǹbù sí ibùba àwọn agbébọn. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ ológun òfurufú wo fọ́tò náà, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, fáànù imú rẹ̀ dà?"

A wò ó. Kò sí fáànù. Imú ọ̀hún rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́.

Bàbá ní Super Tucano kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì rárá, fáànù alábẹ̀bẹ̀ márùn-ún ló ń yí nímú rẹ̀. Méjìlá ni Nàìjíríà rà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, mẹ́fà àkọ́kọ́ sì dé ní oṣù keje ọdún 2021.

"Jẹ́ẹ̀tì ogun F-16 lèyí. A ò ní ẹyọ kan!"

Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ṣebí bàálù ogun náà ni gbogbo wọn?"

Bàbá wò mí títí. "Tí mo bá pe korope ní tírélà ńkọ́?"

Ẹ̀rín pa gbogbo ìdí àtẹ. Ẹni tó ń tà á ní, "Bàbá, ṣé ẹ máa rà á?"

"Kí n fowó mi ra F-16?"

Mo délé, mo lọ wo fọ́tò "Tucano wa ti dé" tí èmi fúnra mi pín síbí lọ́jọ́sí. Kò ní fáànù. Mo ti pa á rẹ́ o.