Iṣẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ onílẹ̀kẹ̀: ìtò 20 tí ó di 3

Mo ti sín àwọn ìlẹ̀kẹ̀ funfun wẹ́wẹ́ tí yóò wà láàárín àwọn ńlá, mo sì ti gé gbogbo okùn rọ́bà. Ìtò àwọ̀ ni ó gba àṣálẹ́ àná lọ́wọ́ mi, nítorí mo fẹ́ kí ẹ̀gbà àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yàtọ̀ síra, bẹ́ẹ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ńlá mẹ́ta pupa àti mẹ́ta aláró ni mo yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀gbà kọ̀ọ̀kan.

Ká ní mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yàtọ̀ síra ni, ọ̀nà 720 ni a lè gbà tò wọ́n lórí okùn tí a nà gbọọrọ. Ṣùgbọ́n àwọn pupa jọra, ọ̀nà 6 ni wọ́n sì lè gbà pààrọ̀ ààyè láìsí ìyàtọ̀ lójú ẹni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aláró. Nítorí náà 36 ni a ó fi pín 720, èyí tí ó fún wa ní 20.

Ìṣòro dé nígbà tí mo so orí okùn pọ̀. Ẹ̀gbà kò ní ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò ní òpin. Bí a bá ń yí i lọ́wọ́, ìtò kan náà lè fara hàn ní ọ̀nà mẹ́fà, ó sì yẹ kí a fi 6 pín 20, ṣùgbọ́n 6 kò pín 20 tán. Mo kọ gbogbo 20 náà sílẹ̀, P fún pupa, A fún aró, mo sì ń kó àwọn tí ó bá ara wọn mu jọ. PAPAPA ni ó fa ìdíwọ́: ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó yí kí ó tó padà sí bí ó ti wà, nítorí náà 2 ni ó gbà nínú 20. Àwọn 18 yòókù pín sí mẹ́ta: PPPAAA, PPAPAA àti PPAAPA. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 4. Síbẹ̀, bí a bá dojú PPAPAA dé, PPAAPA ni yóò dà, ó wá ku 3 fún ọmọ mẹ́jọ.

Mo kọ́kọ́ rò pé kí n fi ìkọ́ sí i, nítorí ìkọ́ yóò fi ìbẹ̀rẹ̀ hàn, ìdojúdé nìkan ni yóò sì kù, èyí tí yóò fún wa ní 10. Ṣùgbọ́n ìkọ́ a máa ha àwọ̀ ara ọmọdé, n kò sì fẹ́ ẹ. Mo yí èrò padà sí mẹ́rin pupa àti mẹ́rin aláró. Ọ̀nà 70 ni ó wà lórí okùn gbọọrọ: 64 nínú wọn fún wa ní ẹ̀gbà 8, 4 fún wa ní PPAAPPAA, 2 fún wa ní PAPAPAPA. Ìyẹn jẹ́ 10. Ìdojúdé sì so méjì pọ̀ mọ́ ìkejì wọn, ó ku 8 gẹ́lẹ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ 8 pupa àti 8 aláró ni mo ní láti rà kún un ní ọjà Odò-Ògbè. Àwọn aláró wọ̀nyí kì í ṣe sẹ̀gi gidi, irú èyí tí àwọn baba wa ṣe ní Igbó Olókun nílẹ̀ Ifẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé, àwọ̀ wọn kì í sì í dọ́gba láti ẹrù dé ẹrù. Màá mú ọ̀kan nínú ti ilé lọ fi wé wọn kí n tó sanwó.