Kí Ẹ Tó Gba Kọ́kọ́rọ́ Bọ́ọ̀sì Yìí Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi, oṣù tó ń bọ̀ ni bọ́ọ̀sì Hiace funfun yìí yóò di tiyín. Ẹ̀yin lẹ ó máa gbé e láti Kubwa lọ sí Nasarawa, Plateau àti Bauchi, títí dé àwọn abúlé tí ọ̀dà ò dé. Inú rẹ̀ náà lẹ ó sì máa sùn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi sùn níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń wá omi abẹ́ ilẹ̀. Ẹ ti kọ́ ìyẹn níléèwé jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ ibùsùn ni, àti ibi tí ẹrù ń gbé.

Ẹ má fojú kékeré wò ó. Ẹ mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí: irin mẹ́rin là ń gbá mọ́lẹ̀, à ń rán iná gba àwọn méjì tó wà lóde, a sì ń ka iye tó bá wà láàárín àwọn méjì inú. Iye kan ṣoṣo tí ẹ bá kọ òdì lè ba gbogbo àwòrán ilẹ̀ náà jẹ́. Lọ́dún mi àkọ́kọ́, a wà ní abúlé kan lẹ́yìn Akwanga. Orí àga bọ́ọ̀sì là ń sùn, orúnkún ká sí àyà. Ní ọjọ́ kẹrin, mo fi òdo kan lé iye kan, n kò mọ̀. Alẹ́ ni ọ̀gá wa tó rí i pé ìlà náà ṣàdédé ta sókè bí ìgbà tí èèyàn kan àpáta. Ó rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Lọ́jọ́ kejì, a tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú oòrùn, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ. Oorun ló ń kùn mí. Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá nígbà tá a padà dé Abuja, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n yọ àwọn àga ẹ̀yìn kúrò.

Káfíńtà àgbà kan ní Dei-Dei, ọmọ Ìkirè, ló kọ́ mi ní ohun àkọ́kọ́. Mo gbé ìwọ̀n bọ́ọ̀sì lọ bá a: láti ẹ̀yìn àga awakọ̀ dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ju mítà méjì àbọ̀ lọ, láti ilẹ̀ dé òrùlé sì jẹ́ 130 sẹ̀ǹtímítà. Inú mi ń dùn pé odidi plywood kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ, yóò wọlé láìgé e. Bàbá ò wo ìwé náà. Wọ́n ní kí n jókòó sórí pákó, wọ́n sì wọ̀n mí láti ìdí dé àtàrí: 90 sẹ̀ǹtímítà. N kò gbọ́ tiwọn. Àyè ẹrù ni mo ń lé, mo bá ṣe ibùsùn tó ga tó 60 sẹ̀ǹtímítà, fóòmù ò tíì sí lórí rẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko n kò lè jókòó lórí ibùsùn ara mi. Ìdùbúlẹ̀ ni mo ti ń wọ aṣọ. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí kò ṣeé jáde mọ́, ọrùn mi á wà ní títẹ̀ títí tí oorun yóò fi gbé mi.

Mo padà lọ bá Bàbá. Irin ibùsùn tó wà níbẹ̀ báyìí ga ní 28 sẹ̀ǹtímítà, fóòmù orí rẹ̀ jẹ́ 10, ó wá ṣẹ́ ku 92 fún ẹni tó bá jókòó. Nítorí náà, ẹni tó ga jù nínú yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀n kí ẹ tó yí ohunkóhun padà.

Àwọn wẹ́dà ní Apo Mechanic Village ló jó irin náà pọ̀, ìta ni wọ́n sì ti jó o kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó irin nínú bọ́ọ̀sì. Kẹ́ ẹ má sì lu ilẹ̀ rẹ̀. Mo ti gbé ẹ̀rọ ìlu-irin dé ibi tí mo fẹ́ lù nígbà tí mẹkáníìkì kan pariwo mọ́ mi. Ó fà mí lọ́wọ́ sábẹ́ mọ́tò, ó sì fi hàn mí: táńkì epo ló wà níbẹ̀, páìpù bíréèkì sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ihò bóòtù àwọn àga tá a yọ ló di irin náà mú báyìí, sípánà 14 ló ń tú u. Àwọn tó ṣe mọ́tò ti lu ihò wọ̀nyẹn síbi tó lágbára, kò sídìí láti wá òmíràn.

Ọ̀rọ̀ pákó wá kàn. Plywood tí kò níhò ni mo kọ́kọ́ tẹ́ sórí irin náà, fóòmù wá lé e. A lọ sí Jos ní oṣù Kejìlá. Jos ga ju 1,200 mítà lọ sókè òkun, ẹ̀yin tí ẹ kò tíì sùn níbẹ̀ lásìkò ọyẹ́ kò tíì mọ ohun tí à ń pè ní òtútù ní ilẹ̀ yìí. Láàárọ̀, mo gbé fóòmù sókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù rinrin. Mo rò pé kẹ́ẹ̀gì kan ló jò. Kẹ́ẹ̀gì ò jò. Èémí àti òógùn tó ń jáde lára wa ló ń gba inú fóòmù sọ̀ kalẹ̀. Tó bá kan pákó tó ti tutù, á di omi. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ebu dúdú ti mú abẹ́ fóòmù náà, ẹni tá a jọ ń sùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

Nǹkan tó wà níbẹ̀ báyìí ni pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ìka méjì ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Arère ni mo kọ́kọ́ rà nítorí ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, kò sì pẹ́ tí lẹ́búlẹ́bú fi ń dà sórí ẹrù. Àfàrà ló wà níbẹ̀ báyìí. Ìrókò lágbára jù ú lọ, àmọ́ ẹ ó gbé ìwọ̀n rẹ̀ kiri láti ọjọ́ dé ọjọ́ lórí epo tí ẹ ń rà. Ẹní ni mo tẹ́ sórí pákó kí fóòmù tó lé e, irú èyí tí wọ́n ń tà létí títì ní Keffi. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá, pákó ò sì lè tẹ ara mọ́ fóòmù. Síbẹ̀, tílẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé fóòmù náà dúró ní ẹ̀gbẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó jáde.

Ẹ má ra fóòmù nítorí pé ó nípọn. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà nípọn ní ínǹṣì mẹ́fà, ó rí múlọ́múlọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kó tó di àárín òru, ìgbáròkó mi ti kan pákó. Ínǹṣì mẹ́rin tó le dára jù ú lọ. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ fi orúnkún kan ṣoṣo kúnlẹ̀ sórí rẹ̀. Bí orúnkún bá mọ ilẹ̀, ẹ dá a padà. Mo gé tiwa sí ọ̀nà mẹ́ta kí ó lè ṣeé ká tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ẹrù lábẹ́ rẹ̀, àṣìṣe mi sì ni pé ìgbáròkó gan-an ni mo fi ojú ibi gígé sí. Ẹ̀yìn dùn mí fún oṣù kan kí n tó mọ ohun tó fà á. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, ẹyọ kan lọ láti èjìká dé orúnkún. Ibi orí àti ibi ẹsẹ̀ ni mo gé. Aṣọ òwú ni ẹ máa fi bò ó. Rẹ́sìn, ìyẹn awọ oníke tí àwọn tó ń ṣe àga máa ń fẹ́ fi bò ó fún yín, rọrùn láti nù, àmọ́ yóò lẹ̀ mọ́ yín lára ní oṣù Kẹta.

Orí yín kò gbọ́dọ̀ wà níwájú. Abẹ́ àga awakọ̀ ni ẹ́ńjìnnì Hiace wà, bí ẹ bá sì rin ìrìn àjò wákàtí mẹ́rin, ooru rẹ̀ kì í tètè lọ. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ni kí ẹ kọrí sí. Kí ẹ tó pa iná mọ́tò, ẹ fi ìgò omi tó kún dé ìdajì lélẹ̀ lórí pákó, ẹ ó rí ibi tí ilẹ̀ ti dagun. Bí ìhà orí bá rẹlẹ̀, ẹ wá òkúta pẹlẹbẹ kí ẹ fi taya ẹ̀yìn gùn ún. Ìṣẹ́jú méjì ni, orí kò sì ní wú yín láàárọ̀.

Ní ti òtútù, ìsàlẹ̀ ló ti ń wọlé jù. Mo ti rí ẹni tó fi aṣọ ìbora mẹ́ta bo ara rẹ̀ tó ṣì ń gbọ̀n, nítorí ẹyọ aṣọ kan péré ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ́ ìbora kan sórí fóòmù kí ẹ tó bo òmíràn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ fi gbogbo ẹnu sọ rèé: ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé ìkòkò èédú wọ inú bọ́ọ̀sì yìí, ì báà ti jó di ẹ̀ṣẹ́ná pupa tí kò rú èéfín mọ́. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, ẹni tó bá sì fà á símú nínú oorun kì í jí láti sá. Bákan náà ni ti jẹnẹrétọ̀ tó bá wà nítòsí fèrèsé, àti ti ẹ́ńjìnnì mọ́tò fúnra rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ tan AC sùn. Nígbà tẹ́ ẹ bá wà ní Jos, tí àwọn ará ilé tó gbà yín lálejò bá fi àánú gbé èédú wá fún yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ yáná níta.

Nítorí òtútù kan náà ni àwọn èèyàn fi ń ti gbogbo fèrèsé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Yírùnyírùn, àrùn tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ, tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń jà jù ní ìhà tí ẹ ń lọ yìí, ibi tí èèyàn bá ti há mọ́ra láìsí afẹ́fẹ́ ló sì ti ń tètè ràn. Ní 1996, ó mú ju 100,000 èèyàn lọ ní Nàìjíríà, ó sì pa ju 11,000 lọ. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, kí ẹ sì ṣí fèrèsé ọ̀tún àti tòsì ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí afẹ́fẹ́ lè gba ọ̀kan wọlé kó gba èkejì jáde. Mo ti rán nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé mẹ́rin, máágínẹ́ẹ̀tì kéékèèké ló dì í mọ́ irin. Bí ẹyọ kan bá ya, ẹ rán an lọ́jọ́ náà.

Ooru ni n kò tíì ṣẹ́gun tán. Ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, abẹ́ dongoyaro ni kí ẹ gbé mọ́tò sí láti ọ̀sán, torí irin tó bá ti gba oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́ yóò máa tú ooru náà lé yín lórí. Fáànù kékeré tó wà lókè ń lo 12 watt. Lórí bátìrì 12 volt, amp kan ni lóòótọ́, wákàtí mẹ́jọ sì di amp-hour mẹ́jọ. Bátìrì kejì tó wà lẹ́yìn àga ló ń gbé e, kì í ṣe èyí tí mọ́tò fi ń sítáàtì. Ẹ má ṣe pa wáyà wọn pọ̀, ẹ má sì yọ fíúùsì tó wà lẹ́bàá orí bátìrì náà.

Ẹrù kò gba àlàyé púpọ̀. Dúrọ́ọ̀ tí mo kọ́kọ́ ṣe lẹ́wà, àmọ́ ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà mì ín títí gbogbo ìṣó rẹ̀ fi tú, ó sì máa ń ṣí fúnra rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kéréètì oníke tí kò ní ìdérí ló wà lábẹ́ ibùsùn báyìí, Ghana-must-go ni mo fi kó aṣọ sí, torí síìpù rẹ̀ ń dí eruku ọyẹ́. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25, kílò 25 ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, yóò wá bá yín níwájú. Ìsàlẹ̀ ni kó wà, kẹ́ ẹ sì fi rọ́bà túbù taya dì í mọ́ ẹsẹ̀ irin ibùsùn. Sílíńdà gáàsì ń sùn níta. Tọ́ọ̀ṣì, omi mímu, bàtà àti oògùn wà nínú àpò aṣọ tó rọ̀ mọ́ ògiri lápá ọ̀tún. Ohun tí ẹ máa wá lóru kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹni tó ń sùn.

Mo fi àlàfo kan sílẹ̀ láàárín ibùsùn àti àga awakọ̀. Ẹ ó fẹ́ kó ẹrù dí i, mo mọ̀, torí èmi náà ti ṣe é rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ ó gbà dé ìdí ọkọ̀ láìṣílẹ̀kùn nìyẹn tí ẹ bá nílò láti kúrò níbì kan kíákíá. Ẹ kì í sùn lẹ́bàá títì. Ọgbà àgọ́ ọlọ́pàá, ọgbà ilé ìwòsàn, tàbí iwájú ilé mai unguwa, ìyẹn olórí àdúgbò, ni, kẹ́ ẹ sì kí i kí ilẹ̀ tó ṣú, kó mọ iye yín àti ohun tẹ́ ẹ wá ṣe.

Fóòmù náà ti lo ọdún mẹ́ta, ìhà òsì rẹ̀ ti ń rọ̀. Ẹ yí i padà lóṣooṣù títí ẹ ó fi ra òmíràn. Rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ń là, ibẹ̀ ni eruku ń gbà wọlé lọ́dún tó kọjá. Pákó kẹta láti ìdí ilẹ̀kùn ń dún tí èèyàn bá yíra padà, ìṣó rẹ̀ kan ló tú, n óò gbá a kí n tó fi í lé yín lọ́wọ́. Ìwọ̀ kan wà lápá ọ̀tún ìdí ọkọ̀. Ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ń sùn lálaalẹ́.