Ẹ Bá Mi Dúpẹ́: Ilé Tí Mo Ń Fà Kò Fà Mí Lọ

Ẹ bá mi yin Olúwa. A ti délé, gbogbo wa pátá, orí pé, ẹsẹ̀ pé. Mo ti sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé mi ò ní kọ nǹkan kan títí ara mi á fi balẹ̀, ṣùgbọ́n ọpẹ́ yìí ti kún mi láyà. Ẹ jẹ́ kí n tú u jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà pẹ̀lú wa láti ìgbà tí a ti ń wá caravan, ilé onítáyà tí ọkọ̀ ń fà, tí a máa yá, ẹ rántí ohun tí àwọn kan kọ. Wọ́n ní obìnrin kì í fa irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ni ìwúlò ọkùnrin tí ojú rẹ̀ kò jẹ́ kó wakọ̀, tó kàn fẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó. Mo ka gbogbo rẹ̀, mi ò fèsì. Ẹ máa gbọ́ èsì rẹ̀ níwájú.

Great Ocean Road ni a gbà, ní ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà, láti Torquay lọ síhà Allansford. Ó lé ní 240 kìlómítà. Àwọn ọmọ ogun tó ti Ogun Àgbáyé Kìíní bọ̀ ló fi ṣọ́bìrì àti dígà là á láàárín 1919 sí 1932, ní ìrántí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó kú sógun. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wà níbẹ̀, nítorí náà, bí ẹ bá forí lé ìwọ̀ oòrùn, ẹ̀gbẹ́ yín gan-an ni òkun máa wà, àpáta á sì wà lọ́tùn-ún. Ó rẹwà débi pé màmá tó bá wa rìn kò dákẹ́ orin.

Apollo Bay, ìlú kan lójú ọ̀nà náà, ni Ọlọ́run ti rán bàbá kan sí wa. Ibùdó tí a sùn ni wọ́n wà. Wọ́n ti dàgbà gan-an, tírélà sì ni wọ́n ń wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọn ò kí wa tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń wo ibi tí caravan ti kọ́ mọ́ ọkọ̀. Wọ́n rìn yí i ká. Wọ́n bi mí pé, "Ta ló di ẹrù sí ìdí rẹ̀ báyìí?" Mo ní àwọn tó yá wa ni. Wọ́n ti fi nọ́ọ̀tì de àpótí irin ńlá kan mọ́ ìdí rẹ̀, bátìrì àti irinṣẹ́ ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bàbá lọ gbé òṣùwọ̀n kékeré kan wá. Wọ́n ní ó yẹ kí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo caravan sinmi lórí ìkọ́ ọkọ̀. Tiwa kò tó ìdajì ìyẹn. Imú fúyẹ́, ìdí wúwo.

Mo pe àwọn tó yá wa. Wọ́n ní kò séwu, kí a má tú nǹkan kan.

Bàbá kàn mi orí wọn ni. Wọ́n ní àwọn ò ní ba ohun ìní ẹlòmíì jẹ́ láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká kó gbogbo ẹrù tiwa sórí táyà gan-an, ká da omi inú táńkì ẹ̀yìn nù. Wọ́n wá pe èmi àti ọkọ mi jókòó. "Ọmọ mi, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jùrù, má tẹ bíréèkì ọkọ̀. Má fi sìtíárìn bá a jà. Yọ ẹsẹ̀ lórí iná, di sìtíárìn mú ṣinṣin, kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì bíréèkì caravan tó wà nínú ọkọ̀ nìkan, ìyẹn ló máa fà á padà sẹ́yìn kó tọ́." Wọ́n mú wa tún un sọ léraléra bí ọmọ tó ń kọ́ ABD. Wọ́n ní ọ̀nà kan náà ni àwọn ń lọ, àwọn á máa tẹ̀lé wa.

A gun òkè igbó Otway dé Lavers Hill, a sọ̀ kalẹ̀, a kọjá Princetown, òkun tún yọ. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kíkankíkan. Táńkà tó ń kó wàrà yọ níwájú. Bó ṣe kọjá báyìí ni nǹkan kan gbá caravan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wo dígí ọ̀tún, mo rí ògiri ilé níbi tí kò yẹ kó wà. Mo wo tòsì, ó tún ti wà níbẹ̀. Ìdí ọkọ̀ ń lọ sọ́tùn-ún sósì, sìtíárìn fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Màmá pariwo orúkọ Jésù. Àbíkẹ́yìn mi ní, "Mọ́mì, ilé ń jó."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, gbogbo ara ló ń sọ fún ẹsẹ̀ mi pé kó tẹ bíréèkì. Ohùn bàbá ló dá mi dúró. Mo yọ ẹsẹ̀ lórí iná. Kí n tó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì yẹn, ọwọ́ ọkọ mi ti wà níbẹ̀. Ọkùnrin tí ẹ ní kò wúlò. Kò ríran jìnnà, ó gbọ́ràn, ó sì rántí. Ó tẹ̀ ẹ́, ilé yẹn fà padà, ó jùrù lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tọ́.

Nígbà tí mo fi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bàbá ti tan iná ìkìlọ̀ lẹ́yìn wa, wọ́n ti dá àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n mú ayùn irin, wọ́n gé nọ́ọ̀tì yẹn kúrò níkọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé àpótí sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù tiwọn. Wọ́n ní ohun ìní ẹnikẹ́ni kò tó ẹ̀mí ọmọ. Mo sunkún mọ́ wọn lọ́rùn, mi ò tijú.

A wo àwọn òkúta Twelve Apostles, àwọn ọmọ ń kà wọ́n. Ọ̀kan wó sínú òkun ní 2005. Ṣùgbọ́n Loch Ard Gorge ni ẹsẹ̀ wa ti wúwo. Ọkọ̀ ojú omi Loch Ard fọ́ síbẹ̀ ní 1878. Ènìyàn 54 ló wà nínú rẹ̀, Tom Pearce àti Eva Carmichael nìkan ló yè. Pearce ló wẹ̀ lọ fa Eva jáde nínú omi, ó sì tún gun àpáta lọ wá ẹni tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Màmá kúnlẹ̀ sórí iyanrìn níbẹ̀. Tiwa, Olúwa kò yọ ẹnì kankan.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fa caravan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbéra. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó fẹ́ gba owó yín. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, láti òkè ni kí ẹ ti fi sí jíà kékeré, torí bíréèkì tí ẹ bá tẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ á gbóná, kò ní mú mọ́. Ẹ sì máa yà fún àwọn tó wà lẹ́yìn níbi tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tó ń rọra lọ.

Àwọn tó yá wa ti pè láti àná. Owó nọ́ọ̀tì tí bàbá gé ni wọ́n ń béèrè. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, pẹ̀lú fọ́tò òṣùwọ̀n bàbá, mo sì ní kí wọ́n sọ fún mi iye caravan mìíràn tí wọ́n de irú àpótí yẹn mọ́ nídìí. Wọn ò tíì dáhùn. Mo ṣì ń dúró.