Ọjọ́ kọkànlá: ìyá wọn ò jẹ wọ́n

Iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, bí pọ́ọ̀ǹpù atẹ́gùn ṣe dákẹ́ ló jí mi. Mo sáré gbé pọ́ọ̀ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì, mo so ó mọ́ fílítà onífóòmù, mo wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀gbẹ́ táǹkì kí n má baà dẹ́rù bà wọ́n. Gbogbo àwọn ọmọ ẹja mi wà lábẹ́ àpáàdì ìkòkò tí mo dojú ẹ̀ délẹ̀ fún wọn, ìyá wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Krib ni wọ́n, irú ẹja kékeré kan tí wọ́n máa ń sìn nínú táǹkì. Tí ìyá wọn bá fẹ́ yé, ńṣe ni ikùn ẹ̀ máa ń pọ́n bí osùn. Inú omi ilẹ̀ wa níbí ló ti wá o, lápá Niger Delta lọ́hùn-ún, èmi tí mo ti ń jẹ ẹja láti kékeré, ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì dùn mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Ọmọ kan yà kúrò láàárín àwọn tó kù, ni ìyá ẹ̀ bá sáré tẹ̀ lé e, ó gbé e sẹ́nu hán! Àyà mi já. Mo ti mú àwọ̀n dání pé kí n kó ìyá yẹn jáde kó tó jẹ gbogbo wọn tán, àbúrò mi ló ní "Bọ̀dá, ẹ dúró ná, ẹ wò ó." Ìyá ẹja náà lúwẹ̀ẹ́ padà síbi tí àwọn ọmọ wà, ó sì tu ú sáàárín wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo jókòó sílẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n gba ìyá lọ́wọ́ ọmọ.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Pupa ẹyin sísè ni mo fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n lúwẹ̀ẹ́, omi bàjẹ́, àwọn kan kú, ó ṣì ń dùn mí. Ọ̀gá kan tó ń sin ọmọ ẹja àrọ̀ ló wá bu ẹyin artemia díẹ̀ fún mi, ẹ̀dá omi iyọ̀ tíńtín tí ọmọ ẹja máa ń jẹ, mo da á sínú omi oníyọ̀ tí atẹ́gùn ń hó nínú ẹ̀, tó bá di ọjọ́ kejì ẹyin yẹn ti pa, màá fi aṣọ sẹ́ ẹ, màá ṣan iyọ̀ ẹ̀ kúrò. Tí àwọn ọmọ yẹn bá jẹ ẹ́ yó, ẹ ó rí ikùn wọn tí á pọ́n bí ọsàn tó pọ́n, ẹ̀ bá jẹ́ rí i! Láràárọ̀ mo ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìdá kan nínú mẹ́wàá omi, bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun ni mo ń fà á sí kí n lè rí i tí ọmọ kan bá bá a lọ.

Nírọ̀lẹ́ òní, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ìyá àti bàbá wọn kó wọn wọlé. Mo ka 39, mo tún un kà, ó di 43. Iná ò tíì dé. Mo ti gbé bátìrì míì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.