Iṣẹ́ Tó Ń Gbé Èèyàn Wọ Igbó

Mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú igbó lọ síbi iṣẹ́ lónìí, torí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí n ó yàn kò jẹ́ kí n fojú kan oorun mọ́. Mo ti rò pé a ó kàn máa rìn lábẹ́ igi, ká máa gbọ́ ohùn ẹyẹ. Igi la wọ̀n títí ọ̀sán fi pọ́n.

Wọn kì í sì í wọ̀n ọ́n níbi tó bá wuni. Mítà 1.3 sókè láti ilẹ̀, tó ṣe déédéé àyà èèyàn, ni wọ́n ti ń fi téèpù yí igi ká. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, apá òkè ni wọ́n ti ń ka gíga yẹn. Bí ìtàkùn bá lẹ̀ mọ́ igi, abẹ́ rẹ̀ ni téèpù ń gbà. Wọ́n á wá fi 3.14 pín iye tí wọ́n bá rí kí wọ́n tó mọ bí igi ṣe fẹ̀ tó. A kọ ọ́ sílẹ̀, ó di orí èyí tó kàn. Kòkòrò ń jẹ mí lọ́rùn, òógùn ń kán sórí ìwé. Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ gbójú sókè: "Àwọn ló nilé, àlejò ni wá."

Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé mo gbádùn rẹ̀.

Ta ni ò fẹ́ràn igbó látorí àga? Iṣẹ́ àṣetúnṣe wo ni mi ò ní sá fún, òun ló yẹ kí n máa bi ara mi. Ẹni tó ń ka ẹyẹ ti gbọ́dọ̀ wà nídìí iṣẹ́ ní ìdájí, ìgbà tí wọ́n ń ké jù. (Èmi àti ìdájí ò rẹ́, ìyẹn ti bọ́ nínú tèmi.) Ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ wò á fi omi po erùpẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ gùn bí ìgbànú, bó bá gùn dáadáa kó tó já, amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyẹn wù mí.

Ti ìwé ẹ̀rí ló kù. Jane Goodall, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì tó di olókìkí nídìí ìwádìí ẹranko, ò tíì gboyè yunifásítì kankan nígbà tó wọ Gombe ní Tànsáníà lọ́dún 1960 láti máa wo ìnàkí. Ẹ̀yìn ìyẹn ló gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge. Ṣùgbọ́n n ò ní fi ìyẹn tan ara mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí síṣẹ́ lónìí á kọ́kọ́ béèrè ìwé.

Ẹ̀gbọ́n ní bí mo bá fẹ́ mọ ìyókù iṣẹ́ náà, kí n wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kó gbogbo iye yẹn sínú kọ̀ǹpútà. Mo ní màá wá.