Òkúta tí wọ́n fi wọ ère Corcovado láṣọ

Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ọ̀wàrà

Òní ni àyájọ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ère Jésù Olùràpadà lórí òkè Corcovado, ní ìlú Rio de Janeiro, lọ́dún 1931. Òní kan náà ni àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ní Bràsíl ń ṣe ọdún Ìyá Wa ti Aparecida, alábòójútó orílẹ̀-èdè wọn. Ọjọ́ ìsinmi ni, èrò á sì kún orí òkè náà bámú. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, kó fi òní sílẹ̀ fáwọn tó fẹ́ gbàdúrà.

Òkè náà ga tó mítà 710. Ère fúnra rẹ̀ ga ní mítà 30, pèpéle tó dúró lé jẹ́ mítà 8, apá méjèèjì tó nà sì fẹ̀ ní mítà 28 láti ìka dé ìka. Iye wọ̀nyí ló máa ń wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó tọ́ kéèyàn wò jù níbẹ̀ kò ju ìka méjì lọ ní fífẹ̀: òkúta pẹlẹbẹ onígun mẹ́ta, tó nípọn bíi mìlímítà 5, tí wọ́n fi bo ère náà láti orí dé ẹsẹ̀.

Kọnkéré onírin ló wà lábẹ́ òkúta yẹn. Ẹnjiníà Heitor da Silva Costa, ọmọ Bràsíl, ló darí iṣẹ́ náà. Nínú àwòrán tó kọ́kọ́ yà, Jésù gbé àgbélébùú dání lọ́wọ́ kan, ó gbé ayé róbótó dání lọ́wọ́ kejì. Àwọn ará Rio ní Jésù oníbọ́ọ̀lù ni. Wọ́n pa ìyẹn tì, wọ́n jẹ́ kí ara ère fúnra rẹ̀ di àgbélébùú. Ní Paris, Paul Landowski, oníṣẹ́ ère ọmọ Faransé, fi amọ̀ mọ orí àti ọwọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa tóbi tó gan-an, Gheorghe Leonida, ọmọ Rùmáníà, ló mọ ojú, Albert Caquot, ẹnjiníà ọmọ Faransé, sì bá wọn ṣírò bí kọnkéré yóò ṣe gbé apá tó nà gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó orí àti ọwọ́ náà wá sí Rio ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n ń tò ó bí wọ́n ṣe fi nọ́ńbà sí i.

Kọnkéré lásán kò wu da Silva Costa, ojú rẹ̀ ti gbẹ jù. Ní òpópónà Champs-Élysées, ní Paris, ló ti rí ìsun omi kan tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ bò lára, ọkàn rẹ̀ sì lọ sí òkúta ọṣẹ ti ìpínlẹ̀ Minas Gerais, irú èyí tí Aleijadinho, oníṣẹ́ ère Bràsíl àtijọ́, fi gbẹ́ ère àwọn wòlíì sí ìlú Congonhas. Àwa náà mọ irú òkúta yìí: òun ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn ère Ẹ̀sìẹ́. Ó rọ̀ débi pé èékánná lè fá a, síbẹ̀ kì í mu omi, oòrùn àti òjò kì í tètè là á. Bí wọ́n sì ṣe gé e kéékèèké, ó ṣeé tẹ̀ mọ́ ìṣẹ́po aṣọ àti kọ̀rọ̀ ojú. Bí oòrùn bá mú, òkúta kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ díẹ̀ láyè ara rẹ̀. Ká ní pákó òkúta ńlá ni, ì bá ti sán.

Àwọn obìnrin ìjọ ló jókòó tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ òkúta náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́ aṣọ, kí wọ́n tó wá gbé aṣọ náà lọ lẹ̀ mọ́ kọnkéré. Púpọ̀ nínú wọn kọ orúkọ èèyàn wọn sí ẹ̀yìn òkúta kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Orúkọ wọ̀nyẹn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kọjú sí kọnkéré, ẹnikẹ́ni ò lè kà á. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí òkè yẹn, èyí ló máa ń mú wa lọ́kàn jù.

Ààrá ni ọ̀tá ère náà. Òun ló ga jù láyìíká, nítorí náà ààrá kì í yé sán lù ú. Irin ṣóńṣó-ṣóńṣó tó wà lórí rẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní adé ẹ̀gún, irin tó ń fa mọ̀nàmọ́ná wọlẹ̀ ni. Kì í gba gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2014, ààrá hán àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún. Ìṣòro tó tẹ̀ lé e ni òkúta tí wọn yóò fi dí ojú ibẹ̀. Nínú àtúnṣe ọdún 2010, òkúta tó lé ní 60,000 ni wọ́n lò, àmọ́ èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ bíi ti àkọ́kọ́ ti ń ṣọ̀wọ́n, èyí tí wọ́n ń rí dúdú díẹ̀ sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni ère náà ń pàwọ̀ dà. Ní tiwa, ó sàn kí ojú àbùlẹ̀ hàn ju kí wọ́n kun ún ní ọ̀dà, torí funfun yẹn ṣe pàtàkì fún ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀. Àwọn oní-Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Bràsíl, tí wọ́n ń pe Ọbàtálá wa ní Oxalá, ti fi òun àti Jésù wé ara wọn láti ayébáyé.

Ẹni tó bá ń lọ, kó kọ́kọ́ dúró sí àdúgbò Botafogo nísàlẹ̀ kó gbójú sókè. Bí ìkúùkù bá bo orí ère, kó má ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí kò ní rí nǹkan kan lókè. Ìlà oòrùn ni ère kọjú sí: àárọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí i lójú, lọ́sàn-án oòrùn á ti bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, àwòrán á sì dúdú. Rélùwéè láti àdúgbò Cosme Velho ti wà láti 1884, ó ṣáájú ère, òun náà ló kó ẹrù ilé kíkọ́ gòkè. Kìlómítà 3.8 ni, bí ogún ìṣẹ́jú, irin eléyín wà láàárín ojú irin tí kò jẹ́ kó yọ̀ padà. Apá ọ̀tún ni kéèyàn jókòó sí tó bá ń gòkè. Àtẹ̀gùn tó lé ní 200 ló kù lẹ́yìn ìyẹn, bí orúnkún bá sì ń dunni, ẹ̀rọ agbéniròkè wà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ láti ọgbà ìgbafẹ́ Parque Lage gba wákàtí méjì sí mẹ́ta, ó ní ibi tí èèyàn gbọ́dọ̀ di ṣéènì mú láti gun àpáta, kì í ṣe ibi sálúbàtà.

Ọwọ́ kò lè tó òkúta náà láti ilẹ̀, nítorí gíga pèpéle. Ẹ mú awò tó ń fa nǹkan tó jìnnà súnmọ́ni dání, kí ẹ fi wo etí aṣọ ère náà, ní apá ẹ̀yìn lókè ilé àdúrà kékeré tó wà nínú pèpéle. Ìlà tó wà láàárín òkúta onígun mẹ́ta kan àti èkejì á hàn ketekete, ẹ ó sì rí ibi tí ti àtijọ́ parí sí, àti ibi tí tuntun ti bẹ̀rẹ̀.