Ìwé Pẹ́pẹ́yẹ: abo gadwall ló kù

Mò ń ya oríṣiríṣi pẹ́pẹ́yẹ sínú ìwé kan. Akọ gadwall, ọ̀kan lára wọn, ti parí: ara eléérú, ìdí dúdú, ó tán. Teal àti shoveler ti wọ ìwé tipẹ́. Abo gadwall ló ń yọ mí lẹ́nu, òun ló jẹ́ kí n dúró létí omi ní Walthamstow Wetlands, ibi àwọn adágún omi ní London, lánàá títí òtútù fi pa ìka mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ẹjọ́ náà. Abo gadwall àti abo mallard, pẹ́pẹ́yẹ mìíràn, aṣọ kan náà ni wọ́n jọ wọ̀. Wọ́n ní ká wo apá: funfun wà lápá gadwall, búlúù tó ní ilà funfun lókè àti nísàlẹ̀ ni ti mallard. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ẹyẹ bá léfòó tó pa apá mọ́, kí lẹ fẹ́ rí?

Mo bá fi apá sílẹ̀, mo kọjú sí ẹnu. Àgógó abo gadwall ní ilà dúdú kan tó gba òkè rẹ̀ lọ gbọọrọ, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní àwọ̀ ọsàn, ààlà wọn sì mọ́ kedere. Ti mallard ní àwọ̀ ọsàn lóòótọ́, àmọ́ dúdú inú rẹ̀ kàn ta kiri ni. Iwájú orí gadwall tún dúró ṣánṣán ju ti mallard lọ. Gadwall kì í sábà rì sómi, ibi tí ọrùn rẹ̀ bá dé ló ń jẹ mọ. Nígbà tí coot kan, ẹyẹ omi dúdú tó máa ń rì sómi, gbé koríko jáde látìsàlẹ̀, ṣe ni gadwall já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe na ọrùn yẹn ni mo rí àgógó náà yà.

Ọ̀dà ọsàn tí mo rà, tó bá gbẹ, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹni tó tà á sọ pé bébà mi ló fà á. Ẹ gbọ́ o! Yẹ́lò àti pupa díẹ̀ ni mo ń pò fúnra mi báyìí.

Mo ti fẹ́ kó gbogbo wọn sábẹ́ Anas, orúkọ ẹbí kan nínú sáyẹ́ǹsì, bí Linnaeus, ará Sweden tó fún àwọn ẹ̀dá lórúkọ sáyẹ́ǹsì, ṣe pe gadwall ní Anas strepera ní 1758. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo yí i padà. Àyẹ̀wò DNA fi hàn pé wigeon, pẹ́pẹ́yẹ mìíràn, bá gadwall tan ju mallard lọ. Mareca strepera ló ń jẹ́ báyìí. Ojú ìwé rẹ̀ máa kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mallard nìyẹn. Orí àwọn abo méjèèjì nìkan ni màá yà pọ̀ sórí ìwé kan, màá rán an mọ́ ẹ̀yìn.

Wigeon fúnra rẹ̀, n ò tíì fọwọ́ kàn án. Rainham, ilẹ̀ àbàtà létí odò Thames, ni mo ń lọ, wọ́n máa ń jẹ koríko lórí ilẹ̀ níbẹ̀ nígbà òtútù.